Bí Ẹyẹ Igbó Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Yorùbá

Níbi ìsọmọlórúkọ, bí àgbà kan bá dìde láti wúre fún ọmọ tuntun, kì í pẹ́ tí yóò fi kan ẹyẹ mẹ́ta: agbe, àlùkò àti lékeléke. Yóò fi aró agbe, osùn àlùkò àti ẹfun lékeléke ṣàdúrà pé kí ire má wọ́n ọmọ náà. Gbogbo ilé á dáhùn pé àṣẹ. Àmọ́ ká ní a lè bi àwọn tó ń ṣàṣẹ léèrè pé ta ló ti fojú kan agbe rí nínú wọn, agbára káká la fi máa rí ẹni tó máa nawọ́. Lékeléke nìkan ni tèwe tàgbà ṣì mọ̀, torí pé ó ń tẹ̀ lé màlúù kiri títí dé ẹ̀bá títì.

Àwọn tó dá ìwúre náà sílẹ̀ mọ ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni mowó. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn. Ẹyẹ inú òwe, inú àlọ́, inú ẹsẹ Ifá àti inú ìjálá kì í ṣe ẹyẹ àfinúrò. Ojú ló kọ́kọ́ rí i, etí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹnu tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wo àwọ̀ ẹyẹ, wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n ṣọ́ ìwà rẹ̀, wọ́n sì wádìí ohun tó fà á tí ara rẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Nínú àwọ̀ ni wọ́n ti rí ìwúre, nínú igbe ni wọ́n ti rí àmì, nínú ìwà ni wọ́n ti rí òwe, nínú ara ni wọ́n ti rí ìtàn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọ̀ tó di ìwúre

Agbe kì í ṣe ẹyẹ kékeré. Láti ẹnu dé ìrù, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75. Orí igi ńlá ló ń gbé, èso àti ewé ló ń jẹ, kì í sì í fẹ́ràn àtimáa fò jìnnà. Ó máa ń sáré lórí ẹ̀ka ni, kó tó na ìyẹ́ láti re igi kejì. Ògbe dúdú wà lórí rẹ̀, aró sì bo ẹ̀yìn àti ìyẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà tí oòrùn bá yọ kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ pé òun ló ni aró.

Ti àlùkò gba àkíyèsí ju ìyẹn lọ. Bí àlùkò bá bà sórí igi, yàtọ̀ sí pupa díẹ̀ tó wà ní àtàrí rẹ̀, kò sí osùn kankan lára rẹ̀ tí ojú lè tètè rí. Àwọ̀ dúdú tó ń dán, tó sì fara jọ pọ́pù, ló bo ìyókù ara rẹ̀, àwọ̀ náà gan-an la sì ń pè ní elésèé-àlùkò títí dòní. Ìgbà tó bá la ìyẹ́ láti fò ni pupa máa tàn yọ lábẹ́ rẹ̀ lójijì. Èyí fi hàn pé ẹni tó so àlùkò mọ́ osùn kò wò ó fìrí kó kọjá lọ. Ó dúró títí ẹyẹ fi fò.

Osùn àlùkò kì í sì í ṣe àfiwé lásán. Ní 1869, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Church, kọ̀wé nípa pupa inú ìyẹ́ ìdílé ẹyẹ yìí, ó sì fi hàn pé bàbà wà nínú rẹ̀. Aró tòótọ́ ni, tó lè jáde lára ìyẹ́ bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi tó ní ọṣẹ tàbí eérú. Ti agbe kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ agbe. Bí ìyẹ́ náà ṣe tò ní tín-ín-rín ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tó bà á padà sójú wa ní àwọ̀ aró, bí èèyàn bá sì lọ ìyẹ́ náà kúnná, aró á pòórá. Agbe ni aró lóòótọ́, àmọ́ kò sí aláró tó lè yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti lékeléke ló rọrùn jù. Lásìkò tó bá ń yé, àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ máa ń wà lórí àti láyà rẹ̀, àmọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, funfun báláú ni. Ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ méjèèjì sókè nígbà tí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń kọjá lọ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó fún wọn ní funfun èékánná. Ẹni tó bá rí àmì funfun lórí èékánná rẹ̀ lẹ́yìn náà á máa fi han ẹgbẹ́ rẹ̀ pé lékeléke gbọ́ tòun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta yìí? Nínú ètò àwọ̀ ti Yorùbá, funfun, pupa àti dúdú ni ìyá àwọ̀, aró sì wà lábẹ́ dúdú. Ẹni tó bá ní aró, osùn àti ẹfun ti ní gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ láyé àtijọ́: aró fún aṣọ, osùn fún ara ìkókó àti ìyàwó, ẹfun fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ìwúre náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun gbogbo láìdárúkọ ohun gbogbo. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Àwọn ẹyẹ mẹ́ta yìí pẹ̀lú àwọ̀ wọn ti wà nínú òwe tí Samuel Ajayi Crowther kó jọ sínú ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1852.

Igbe tó di àmì

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ojú ń tètè rí. Nínú igbó dúdú, etí ló ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ, ìdí nìyẹn tí igbe fi ṣe pàtàkì fún àgbẹ̀ àti ọdẹ.

Ẹ gbọ́ ti ẹ̀lúùlùú. Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí orí rẹ̀ dúdú ni, inú igbó ṣúúrú lẹ́bàá oko ló ń gbé, kì í sì í fò lọ sókè rárá. Ohùn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi tó ń dà lẹ́nu kèrègbè. Ìgbà tí òjò bá ń ṣú ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ jù, nítorí náà wọ́n ní òun ló ń pe òjò. Òwe sì ní ẹ̀lúùlùú tó ń pe òjò, orí ara rẹ̀ ló ń pè é lé. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀lúùlùú lẹ́yìn òjò á mọ̀ pé òwe yìí kò sọ àsọdùn. Ara rẹ̀ á ti rin gbingbin, á wá jáde sórí igi kúkúrú, á na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀ sínú oòrùn, á sì jókòó síbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ko ara rẹ̀ sí wàhálà ni òwe ń bá wí, àmọ́ ẹyẹ tó rin gbingbin lójú ọ̀nà oko ló kọ́kọ́ fi kọ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀gà kò nílò ká dẹ etí sí i. Bí ẹ̀gà bá tẹ̀dó sórí ọ̀pẹ tàbí igi ńlá láàárín ìlú, ìtẹ́ á so rọ̀ jọ̀rọ̀jọ̀rọ̀, ariwo kò sì ní dáwọ́ dúró láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní ẹ̀gà. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ariwo náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní fọ́nrán gígùn, á fò pẹ̀lú rẹ̀, á kọ́kọ́ hun òrùka kan tó lè dúró sí láàárín rẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti hun yàrá àti ẹnu ọ̀nà. Tó bá parí, á rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìtẹ́, á máa gbọn ìyẹ́, á sì máa pariwo pe abo kó wá wò ó. Bí abo bá wọlé tí kò fẹ́ràn rẹ̀, tí imọ̀ sì gbẹ, akọ á tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ariwo tí à ń gbọ́ yẹn, ìpolówó ilé ni.

Igbe òru ló burú lójú àwọn baba wa. Kowéè ni èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ igbe rẹ̀ ni kò fojú rí ẹyẹ náà rí, àìrí yìí gan-an ló sì mú kí igbe náà le. Bó bá ké nítòsí ilé tí aláìsàn wà, àwọn àgbà á gbàdúrà lé e kíákíá. Ti òwìwí yàtọ̀: wọ́n ń rí òwìwí, àmọ́ wọn kì í gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀. Etí ìyẹ́ òwìwí rí jágajàga, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn pariwo bó bá ń fò, á kàn gba iwájú èèyàn kọjá lọ láìdún. Ẹyẹ tó ń rìn lóru, tí ojú rẹ̀ wà níwájú bíi tèèyàn, tí ìrìn rẹ̀ kò sì ní ìró: kò ṣòro láti rí ìdí tí wọ́n fi so ó mọ́ àjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti àwọn ìyá kò sì pin sórí ìbẹ̀rù. Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pe àwọn ìyá wa alágbára. Ẹyẹ ló wà ṣóńṣó orí adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ onírin wà lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, máa ń gbé ère ẹyẹ sórí agọ̀ rẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ní 2001, ó sì wọ ìwé rẹ̀ ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Ìwà tó di òwe

Bí àwọ̀ bá ń fúnni ní ìwúre, ìwà ló ń fúnni ní òwe. Òwe ẹyẹ tó dára jù ni èyí tí ẹyẹ náà ń ṣe lójoojúmọ́.

Gbogbo wa la mọ òwe pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Ibi tí a ti ń lò ó ni ibi ìṣèlú, ibi ìjà ẹgbẹ́, ibi tí ẹnìkan bá ti ń gbéra ga. Ṣùgbọ́n kí ni àparò ń wá lórí ebè? Ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, akọ àparò máa ń wá ibi tó ga díẹ̀, ì báà jẹ́ ebè iṣu tàbí òkìtì ọ̀gán, á dúró síbẹ̀, á na ọrùn, á sì ké kí àwọn akọ yòókù lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Bó bá ké tán, á sọ̀kalẹ̀ sínú koríko, ara rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó dá òwe náà rí gbogbo rẹ̀ nínú oko iṣu rẹ̀. Ó mọ̀ pé gíga yẹn jẹ́ ti ebè, pé àgbẹ̀ ló kọ ebè, pé àparò kò sì ní pẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí á rí i pé òwe náà ń bá ẹni tó wà lórí oyè wí ju bí a ṣe rò lọ.

Òwe àwòdì tó ń re Ìbarà náà tún fi ojú tó mọ ẹyẹ hàn. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù ta á nídìí, àwòdì ní iṣẹ́ kúkú yá. Ìrù àwòdì là díẹ̀ lẹ́yìn, ìrù náà ló sì fi ń darí ara rẹ̀: á yí i sápá ọ̀tún, á yí i sápá òsì, ìyẹ́ kò sì ní mì rárá. Afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣe ẹsẹ̀. Ẹni tí ìdíwọ́ di ìrànlọ́wọ́ fún ni wọ́n ń fi òwe náà kí, kò sì sí ẹyẹ tí wọ́n lè fi pa á tó lè bá a mu ju àwòdì lọ. Ká ní àparò tí ìyẹ́ rẹ̀ kúrú ni wọ́n sọ pé ẹ̀fúùfù ta nídìí, òwe náà ò bá má dúró.

Àdàbà àti àwòdì tún ya ara wọn sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sungbó lẹ́ẹ̀rùn. Òwe ní àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Òótọ́ ni, àdàbà á kàn gbéra. Àwòdì ní tirẹ̀ á wá bá iná, á máa yí po lórí èéfín, á máa ṣa àwọn tata àti aláǹgbá tó ń sá jáde. Iná kan náà ni, àmọ́ ìkan kò ka iná sí, ìkejì ń fi iná jẹun.

Ara tó di ìtàn

Bí ara ẹyẹ kan bá yàtọ̀, tí kò sí òwe tó lè gbé e, ìtàn ló máa gbé e. Èwo ló yàtọ̀ tó orí igún? Ẹyẹ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ bò ó lára, àmọ́ orí àti ọrùn rẹ̀ pá.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà pa ìtàn náà nìyí. Ọ̀dá dá, ilẹ̀ là, odò gbẹ. Wọ́n rúbọ, àmọ́ ẹbọ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀run kó tó fín. Ẹyẹ kan ní ìyẹ́ ń dun òun, òmíràn ní òun ń ṣàba lórí ẹyin, igún nìkan ló gbé igbá ẹbọ ru. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni òjò dé. Gbogbo ẹyẹ ti wọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Igún kan ilẹ̀kùn títí, wọn kò ṣí i fún un, àwọn mìíràn tún ń fi ẹnu sọ ọ́ lórí kó má bàa ráyè wọlé. Kí òjò tó dá, ìyẹ́ orí rẹ̀ ti tán. Ẹni tó mú òjò wá ni òjò pa.

Ìtàn yìí ń dáhùn ìbéèrè méjì pọ̀. Àkọ́kọ́, ìdí tí orí igún fi pá. Èkejì, ìdí tí igún fi máa ń wà níbi tí ẹbọ bá wà. Igún tí a mọ̀ nílé wa kì í bẹ̀rù èèyàn. Odò ẹran, ààtàn àti oríta ló ti ń wá oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé ẹbọ sí. Bí ẹbọ bá wà nílẹ̀ tí igún kò yọjú, ọkàn àwọn àgbà kì í balẹ̀. Orí tó pá náà ní ìwúlò: ẹyẹ tó ń ti orí bọ inú òkú ẹran kò ní fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ òun níyẹ̀ẹ́. Wọ́n wá fi èèwọ̀ kún un, pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ẹyẹ tó ń tún ìlú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn dáàbò bò ó.

Ìtàn náà tilẹ̀ sọdá òkun. Ní Cuba, àwọn olùsìn òrìṣà ń sọ pé nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Ọ̀ṣun ló fò lọ bá Olófin ní ìrísí ọ̀kín. Oòrùn jó o lọ́nà títí tó fi di igún, kó tó dé ọ̀run tó sì gba òjò. Ọ̀ṣun Ibú Kolé ni wọ́n so mọ́ ẹyẹ náà. Igún ti ilẹ̀ wa kò sí ní Cuba rárá. Ẹyẹ ibẹ̀ tí wọ́n so ìtàn mọ́ wá láti ìdílé mìíràn, àmọ́ orí tirẹ̀ náà pá, òkú ẹran lòun náà ń jẹ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀ wo ojú ọ̀run, wọ́n rí ẹni tí ìtàn wọn bá mu, wọ́n sì gbé ìtàn fún un.

Ẹnu àwọn tó tọ́jú rẹ̀

Ọdẹ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yìí. Ọdẹ ń sùn sínú igbó, ó mọ ẹyẹ tó ń ké nígbà tí ẹkùn bá ń kọjá, ó sì mọ èyí tó ń tú àṣírí ọdẹ fún ẹran. Nínú ìjálá, ẹyẹ ní oríkì bíi tèèyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo oríkì náà jẹ́ àpèjúwe: bó ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ, bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe ń ta ọdẹ yọ. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, jẹ́ kí ẹni tí kò rìn nínú igbó rí bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Àwọn babaláwo ní tiwọn sọ ẹyẹ di ẹni tó ń dá Ifá, tó ń rúbọ tàbí tó ń kọ ẹbọ sílẹ̀. Wándé Abímbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ irú àwọn ẹsẹ bẹ́ẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1968.

Nígbà tí D. O. Fágúnwà fi máa kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ọjà ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti kún. Lọ́nà Òkè Lángbòdó tí àwọn ọdẹ inú ìwé náà ń lọ, Ògòǹgò ọba ẹyẹ wà lára àwọn tí wọ́n bá pàdé. Ó yẹ ká kíyè sí i pé ògòǹgò kì í gbé inú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lápá àríwá jíjìn ni ilé rẹ̀. Òun nìkan ni ọba tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kì í bá pàdé lọ́jà, ẹyẹ tó tóbi ju gbogbo ẹyẹ lọ tí kò sì lè fò. Lójú tèmi, jíjìnnà yìí wà lára ohun tó gbé adé lé e lórí, torí àwọn ẹyẹ tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ti ní iṣẹ́ tiwọn nínú òwe.

Odídẹ àti ìkó pupa

Ẹyẹ kan wà tó gba gbogbo ọ̀nà tí mo ti kà sílẹ̀ yìí. Odídẹrẹ́ ni. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ìrù rẹ̀ nìkan ló pọ́n, ìyẹ́ pupa náà là ń pè ní ìkóódẹ. Ohùn rẹ̀ lè sín èèyàn jẹ: ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá, ó lè sọ ọ́ lójú àlejò, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Ayékòótọ́. Ìwà rẹ̀ ni pé ní òwúrọ̀, ọ̀wọ́ rẹ̀ á fò jìnnà lọ wá èso ọ̀pẹ àti èso igi jẹ, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á sì padà sórí igi kan náà láti sùn. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún arìnrìn-àjò, pé odídẹ kì í kú sí oko ìwájẹ, inú ìpadàbọ̀ ojoojúmọ́ yẹn ló ti wá.

Ìlú Ìwó ló sọ odídẹ di tirẹ̀ jù. Oríkì ìlú náà kò pé láìdárúkọ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, bí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn afọbajẹ, bá kọ Aláàfin, ìtàn sọ pé ẹyin odídẹ tàbí igbá òfìfo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ̀ pé ikú ló kù. Inú ihò igi gíga ni odídẹ ń yé sí, kì í ṣe ibi tí ojú ń dé. Ohun tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ lókè, tó wá balẹ̀ níwájú ọba nínú igbá, kò nílò àlàyé.

Ìkóódẹ náà sọdá sí Brazil. Nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀, iwájú orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún ni wọ́n ń fi í sí. Deoscóredes dos Santos, ọmọ Salvador tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mestre Didi, tẹ ìtàn tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1966. Obìnrin kan, ọmọ Ọ̀ṣun, ló ń tọ́jú adé àti ohun ọ̀ṣọ́ Òrìṣàńlá. Àwọn tó ń jowú rẹ̀ ju adé náà sínú òkun, inú ẹja ló ti rí i padà. Wọ́n tún fi oògùn lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga, nígbà tó fi agbára dìde níwájú òrìṣà, ara rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ dà. Ó sá, kò sí ilé òrìṣà tó ṣílẹ̀kùn fún un àfi ilé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì sọ ẹ̀jẹ̀ náà di ìkóódẹ. Nígbà tí Òrìṣàńlá gbọ́, òun tí kì í lo nǹkan mìíràn bí kò ṣe funfun, ó wá síbẹ̀, ó sì fi ìkó pupa kan sí iwájú orí rẹ̀ láti bu ọlá fún obìnrin náà. Pupa kan ṣoṣo lára ẹni tó funfun: ẹ tún wo odídẹ, ẹ ó rí i pé bí ara ẹyẹ náà ṣe rí gan-an ni, ara tó rẹ̀ dòò, ìrù tó pọ́n. Odídẹ kò sí nínú igbó Brazil, nítorí náà láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ìkó náà ti kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹyẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ kù

Ní 2015, IUCN, àjọ tó ń ka iye ohun ẹlẹ́mìí inú igbẹ́, gbé igún ilé wa sí ipò àwọn tó wà létí àtiparun pátápátá. Májèlé wà lára ohun tó fà á, títà tí wọ́n ń ta á lọ́jà fún oògùn sì wà níbẹ̀. Èèwọ̀ tí ìtàn kọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti ń wó lọ́wọ́ àwọn tó sọ pé àṣà làwọn ń ṣe. Ní 2016, ìpàdé àdéhùn CITES tó wáyé ní Johannesburg fòfin de òwò odídẹ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, torí pé bí wọ́n ṣe ń kó o tà àti bí wọ́n ṣe ń gé igbó ti dín in kù gidigidi. Agbe àti àlùkò náà nílò igi ńlá tàbí igbó etí odò, àwọn yẹn sì ni à ń gé.

Bí ẹyẹ bá lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ kù sórí ahọ́n bí orúkọ lásán, ẹni tó ń lò ó kò sì ní lè ṣe àtúnṣe sí i, kò ní lè fi kún un, kò ní lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣì í lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kíkọ́ ọmọ lówe àparò láìfi àparò hàn án, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Fóònù tó wà lápò gbogbo wa lè fi àwòrán àti igbe ẹ̀lúùlùú hàn ní ìṣẹ́jú kan. Igbó tí IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, dá sí ní Ìbàdàn ṣì wà, àwọn ẹyẹ igbó ṣì ń gbé ibẹ̀. Ọdẹ àgbà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ abúlé, tí yóò sọ̀rọ̀ bí a bá béèrè.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Ní 1958, J. H. Elgood ṣàpèjúwe ẹyẹ kan tí a kò rí níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é nínú èdè sáyẹ́ǹsì: Malimbus ibadanensis. Ìbátan ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ẹyẹ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ń gbé yẹ ní oríkì. Ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà sọ agbe di ìwúre kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ká wo àwọ̀ rẹ̀, ká gbọ́ igbe rẹ̀, ká ṣọ́ ìwà rẹ̀, ká tó lanu.